Ẹ Kú Oríire, Ẹ Má Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí oòrùn kò tíì yọ orí kúrò lẹ́yìn òrùlé ilé tí ó dojú kọ tiwa, tí mo jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, tí mo sì ń fi àkàrà sìn ín lọ́nà ọ̀fun, ni tẹlifóònù mi dún, tí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí yọ lójú rẹ̀, bí mo sì ti gbé e sétí, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó tutù bí omi inú àmù ni ó kí mi pé, "Bàbá, ẹ kú oríire o, orí yín jí lónìí." Ó pe orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra wọn, bí olùkọ́ ti í pe orúkọ ọmọ nínú ìwé ìpè, kò ṣì í, kò sì fo ọ̀kan. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ni ó yan èmi àti àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, láti fún wa ní náírà 150,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, owó ìrànwọ́ tí a kò ní dá padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bi wá léèrè ohun tí a fi ṣe.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá kí ni kú oríire, ó yẹ kí a dá a lóhùn, bí a tilẹ̀ ń fura sí i. Bí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kejì, tí ó ń wí pé, "Màmá, ẹ kú oríire o, orí yín jí lónìí." Àkùkọ kan sì kọ láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí a ti ń pín owó náà ń sin adìẹ.

Ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó sì béèrè báǹkì tí mo ń lò. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ní kí n mú káàdì tí mo fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ jáde, kí n ka nọ́ńbà 16 tí ó wà lójú rẹ̀ fún òun, kí n sì yí i padà, kí n ka 3 tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, àwọn àgbà ní ó ju èje lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, jẹ́ kí n pe ọmọ mi obìnrin kí ó wá bá mi kà á." Omi inú àmù hó lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má pe ẹnikẹ́ni o, Bàbá! Ẹ ṣáà mọ ayé. Ìṣẹ́jú 10 péré ni ó kù kí wọ́n ti ìwé náà." Mo wá bi í léèrè, pẹ̀lú sùúrù, pé ọmọ ta ni í ṣe, ní agboolé wo. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Àkàrà ọwọ́ mi kò tíì tutù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ó dá mi lójú pé ìdí ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn ju inú owó tí ó fi lọ̀ mí lọ: ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ayé, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Owó kàn jẹ́ ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀ ni. Ẹja púpọ̀ ni ó ń rí ìjẹ tí ó sì ń wẹ̀ kọjá; èyí tí wọ́n bá dá yà sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìkánjú tì láti ẹ̀yìn, ni ó ń gbé e mì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn gba àwọn olùpè wọ̀nyí gbọ́ ni pé wọ́n mọ orúkọ ẹni. "Bí kì í bá ṣe ìjọba, ta ni ìbá tún mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí?" Ẹ gbà mí láyè kí n tú àṣírí yìí, nítorí pé kò sí oògùn níbẹ̀, wọn kò sì dá Ifá sí i. Kí fóònù alágbèéká GSM tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, gbogbo tẹlifóònù tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀kan, inú pálọ̀ ni ó ń gbé e sí, tí ó ń fi aṣọ bò ó bí ìyàwó. Lónìí, nọ́ńbà wa wà lára pátákó ìsọ̀ wa, ó wà nínú ìwé ìpè ìnáwó, ó wà nínú ìwé orúkọ ilé ìwòsàn àti ti ilé ìjọsìn. Èyí tí ó tún wá burú jù ni pé nínú àwọn báǹkì orí fóònù tí ó gbòde báyìí, nọ́ńbà fóònù ẹni náà ni nọ́ńbà àkáǹtì ẹni, bí a bá ti yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ wa ni yóò jáde lódindi. Kò ná ọmọkùnrin tí ó pè mí ní kọ́bọ̀ kan kí ó tó mọ orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ẹ̀rọ òde òní ni ó bí ìwà yìí. Stephen Ellis, òpìtàn tí ó ṣe ìwádìí nípa ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà, kọ nípa ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ P. Crentsil, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Nàìjíríà wa níhìn-ín kọ̀wé ní ọdún 1920 sí ẹnì kan ní ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, tí ó ń fọ́nnu nípa agbára àwámárìídìí tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì ní òun lè lò ó fún ire ẹni náà bí ó bá lè san owó díẹ̀ ṣíwájú. Ó fi ọwọ́ sí ìwé náà ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ìyanu. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 1921, àwọn ọlọ́pàá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 419 wà lára wọn, ẹsẹ̀ òfin tí ó wá di orúkọ fún gbogbo ìwà jìbìtì ní ilẹ̀ wa; ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kìlọ̀ fún un lórí ọ̀kan, ó sì dá a sílẹ̀ lórí méjì yòókù nítorí pé kò sí ẹni tí ó jẹ́rìí gbe ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Nígbà èwe wa, àwọn ọmọ wayó tí ó ní àwọn lè sọ owó kan di mẹ́wàá nínú àpótí dúdú máa ń ti ìlú dé ìlú, wọn kì í sì í sùn ní ibì kan ní ìgbà méjì. Ní ọdún 2016, ètò ìsọdipúpọ̀ owó kan tí wọ́n ń pè ní MMM, tí ó ti Rọ́ṣíà wá, ní òun yóò máa fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ẹni ní oṣooṣù. Nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó gbogbo ènìyàn. N kò ní dúró pẹ́ lórí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ìtàn tí ọkàn mi tún fà sí jù ni ti Ìjàpá, ọkọ Yáníbo, àti Erin. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ ní abẹ́ òṣùpá: bí Ìjàpá ti ṣèlérí fún ọba pé òun yóò mú Erin wá láàyè, tí ó sì lọ bá àjànàkú tí ń mi igbó kìjikìji náà ní ibùba rẹ̀, tí ó ní àwọn ará ìlú ti fi ẹnu kò pé òun ni àwọn fẹ́ fi jọba, bí wọ́n ti gbẹ́ kòtò ńlá sí ààfin, tí wọ́n tẹ́ ẹní ẹlẹ́wà bo ojú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìjókòó oyè lé e. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa léèrè nínú ìtàn náà ni ìdí tí Erin kò fi bá Erin mìíràn sọ ọ́. Ẹranko tí kì í dá rìn bí kò bá nídìí, tí ó jẹ́ pé ìyá àgbà ni í ṣíwájú agbo rẹ̀ lọ sí odò, kí ni ó dé tí òun nìkan fi tẹ̀ lé alábahun? Ìlù ni. Orin ni. Ijó ni. Ìjàpá kò jẹ́ kí ariwo dáwọ́ dúró títí Erin fi gun orí ẹní. Bí ìlù bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, bóyá Erin ìbá gbọ́ bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń dún gbùúgbùú.

Ìlù ni "ìṣẹ́jú 10 péré ni ó kù." Kò sí iṣẹ́ ìjọba kan tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti dáyé tí ó ń tán ní ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọba ṣe ògbó, tí ó sì ń lépa owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, yóò jẹ́rìí mi.

Àwọn baba wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, wọ́n sì ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Ọgbọ́n ojúkojú ni gbogbo èyí. Nígbà tí oníjìbìtì bá ní láti wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni, a óò rí bàtà rẹ̀, a óò wo bí ojú rẹ̀ ti ń sá, ajá ilé yóò gbó o, ìyá àgbà inú yàrá yóò sì kígbe béèrè pé ta nì yẹn. Tẹlifóònù ti mú gbogbo ìwọ̀nyí kúrò. Ohùn nìkan ni ó ṣẹ́kù, ohùn kò sì ní ọrùn tí a lè wò. Nítorí náà, ohun tí ojú wa ti ń bá wa ṣe tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa bá wa ṣe é báyìí: ẹnì kejì tí a óò sọ fún kí a tó ṣe ohunkóhun.

Ẹnì kejì yìí gan-an ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ wa. Ìyá kan wà ní ọjà Bódìjà tí ìyàwó mi ti ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní kékeré. Ní ọjọ́ tí mo bá ìyàwó mi lọ, a bá a tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà rẹ̀, tí kò ta, tí kò sì pàtẹ. Ó mú fóònù rẹ̀ hàn wá, fóònù kékeré onítítẹ̀ tí nọ́ńbà 5 orí rẹ̀ ti pa rẹ́, tí eruku èlùbọ́ sì kún gbogbo ihò ara rẹ̀. Ẹnì kan ti pè é ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó kí i kú oríire, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un pé kò ní fojú sunkún ọmọ, ayé kò ní rí ibi tí yóò gbà mú un. Ó ń ṣe àmín, ó ń ṣe àmín. Lẹ́yìn àdúrà, ọkùnrin náà ní kí ó tẹ ìràwọ̀, kí ó tẹ nọ́ńbà báyìí, kí ó tún tẹ báyìí, kí ó fi háàṣì parí rẹ̀. Ó ń pè é fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a-bí-dí. Nígbà tí fóònù béèrè nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ oníwọ̀n 4, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ ní kí ó sọ ọ́ fún òun. Ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ, àṣírí yín ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín kí owó lè wọlé."

Ìyá náà tẹ̀ ẹ́. Náírà 86,000 tí ó fẹ́ fi lọ kó ọjà ní Ṣakí ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí, nítorí pé ohun tí ó tẹ̀ láti ìràwọ̀ dé háàṣì, àṣẹ ìfowóránṣẹ́ ni. "Àdúrà ni ó fi gba owó mi," ni ó ń wí ṣáá. Nígbà tí ìyàwó mi bi í pé kí ni ó dé tí kò pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ilé kẹta lọ sí ibẹ̀, ó ní, "Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí ayé má ba à gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ayé."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn mí jù. A jẹ́ ẹ̀yà tí kì í pariwo oríire rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́. Aboyún kì í sọ oṣù oyún rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò sí ìlú òyìnbó, ó di ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbéra kí àwọn aládùúgbò tó gbọ́. Ìwà ìṣọ́ra ni, n kò sì bú u. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì ti kọ́ ìwà yìí sórí, ó mọ̀ pé bí òun bá ti dárúkọ ayé, kọ́kọ́rọ́ yóò tì láti inú wá, yóò sì ku ìyá náà nìkan nínú yàrá pẹ̀lú òun olè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: oríire tí ó ní kí a má sọ fún ọmọ bíbí inú wa kì í ṣe oríire.

Ní ọjọ́ náà, àwọn alátẹ tí ó yí ìyá náà ká ti ń rojọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojúkòkòrò ni ó kó bá a. Mo gbọ́ ọ, inú mi kò sì dùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ìyá tí ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti ọdún gbọọrọ, tí ó ń fi igbá wọn èlùbọ́ tí ó sì ń fi èènì lé e, ẹni náà kì í ṣe olójúkòkòrò. Ohun tí wọ́n wí fún un kò jọ irọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé òun yóò fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní náírà 25,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2018, wọ́n wọ inú ọjà láti yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní náírà 10,000, àwọn kan sì rí i gbà. Ìlú tí ìjọba rẹ̀ ń pín owó nígbà mìíràn, tí ẹni tí ó gbà kò mọ ìdí tí ó fi rí i, tí ẹni tí kò gbà kò sì mọ ìdí tí kò fi rí i, irọ́ àti òtítọ́ yóò máa wọ aṣọ kan náà nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn mìíràn tún wà tí mo ní sí àwọn báǹkì. Nígbà tí ìyàwó mi ń yẹ fóònù ìyá náà wò, ó rí ìkìlọ̀ mọ́kànlá tí báǹkì rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí i pé kí ó má ṣe tẹ̀ lé olùpè tí kò mọ̀, kí ó má sì fi nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rò pé ìkéde tẹ́tẹ́ ni wọ́n. Olè pè é ní èdè Yorùbá, Yorùbá Ìbàdàn tí ó dán mọ́rán, pẹ̀lú àdúrà àti oríkì. Báǹkì tí ó ń tọ́jú owó rẹ̀, tí ó sì ń yọ owó ìtọ́jú lóṣooṣù, kò rí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó lè kọ ìlà kan ní Yorùbá sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, olè ni yóò máa borí. Kí àwọn báǹkì wa fi èdè tí oníbàárà ń sọ kìlọ̀ fún oníbàárà, kí wọ́n sì sọ ọ́ lórí rédíò ní àkókò tí àwọn ìyá ọjà ń gbọ́ ọ. Kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa ìmọ̀ tí gbogbo wa nílò, kò pọ̀. Nọ́ńbà 10 ni nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ní Nàìjíríà, nọ́ńbà 10 náà pẹ̀lú orúkọ báǹkì sì ti tó fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí láti fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ sí ọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà tí owó yóò gbà wọlé, ọ̀nà tí yóò gbà jáde ni: 16 ojú káàdì, 3 ẹ̀yìn rẹ̀, 4 tí ó jẹ́ àṣírí, 11 ti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì fún ọ, àti àwọn 6 tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ lójijì tí ó sì máa ń kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní òun fẹ́ fún ọ lówó ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ ra káàdì ìpè, tàbí kí o san owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bùn bọ̀ kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé e bọ̀ fún.

Ọgbọ́n àwọn olè wọ̀nyí kò dúró sójú kan. Ẹnì kan lè pè ọ́ pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà 6 kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, kí o jọ̀wọ́ kà á fún òun. Bí o bá kà á, WhatsApp rẹ ti di tirẹ̀, òun ni yóò sì máa fi orúkọ rẹ bẹ àwọn ará ilé rẹ lówó, tàbí kí ó sọ fún wọn pé o fi 50,000 gba 150,000 ní ọ̀sán kan. Ẹlòmíràn yóò ní kí o tẹ àwọn àmì kan, ìwọ kò sì ní mọ̀ pé gbogbo ìpè tí ó yẹ kí ó wọlé sọ́dọ̀ rẹ ni o ń yí padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó jọ ti báǹkì ránṣẹ́ pé owó ti wọ àkáǹtì rẹ, yóò sì máa sunkún pé àṣìṣe ni, kí o dá a padà fún òun. Má wo àtẹ̀jíṣẹ́. Iye tí ó wà nínú àkáǹtì rẹ gan-an ni kí o wò. Bí owó bá tilẹ̀ ṣèèṣì wọlé ní tòótọ́, báǹkì ni kí o jẹ́ kí ó dá a padà.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Báǹkì ni kí a kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí a tó pe pásítọ̀ tàbí àfáà, nítorí pé owó jìbìtì kì í pẹ́ nínú àkáǹtì àkọ́kọ́ tí ó bá wọ̀. Ọ̀pọ̀ báǹkì ni ó ní nọ́ńbà tí a lè fi ti àkáǹtì ẹni pa láti orí fóònù ẹlòmíràn, ó sì yẹ kí olúkúlùkù ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ ibi tó dé. Lẹ́yìn náà kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì EFCC, àjọ tí ń gbógun ti ìwà jìbìtì. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ènìyàn láti ṣe èyí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, fi odindi ọdún kan pa irú rẹ̀ mọ́ sínú láìsọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àìsí ẹlẹ́rìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ìyanu fi rìn jáde kúrò ní ilé ẹjọ́ ní ọdún 1921, àìsí ẹlẹ́rìí náà ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí fi ń rìn káàkiri lónìí.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ń dédé ra ọkọ̀ láìṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń jó sí i ní ọjọ́ ìṣílé rẹ̀. Òfin ọdún 2006 lórí gbígba owó ẹni pẹ̀lú irọ́ fi ọdún 7 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó lè tó 20, kò sì fi owó ìtanràn ṣe ìrọ́pò. Ìyá ẹnì kan ni ọmọ yín ń pè ní gbogbo òwúrọ̀.

Ìyá elélùbọ́ ti padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ẹfun kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri ìsọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ sì ti jọ fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá pè nípa owó, kí ìyá ní, "Dúró, ọmọ mi ń bọ̀ wá bá ọ sọ ọ́." Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí a lọ ra èlùbọ́, ó sọ fún wa pé ènìyàn mẹ́ta ni ó ti tún pe òun láti ìgbà náà láti kí òun kú oríire. Kò sí èyí tí ó dúró de ọmọ òun nínú wọn.